Ṣé òfin Ìjọ ló ní kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò ṣègbéyàwó?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán Fadá. Ọmọ mi ti pé oṣù méje, mi ò tíì ṣe ìrìbọmi fún un. Sẹ̀kítárì páríìṣì wa ò gba fọ́ọ̀mù mi, ó ní mi ò ní ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ọmọ ò sì sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Ó tún ní mo jẹ owó ìjọ ọdún méjì. Ẹnì kan ní kí n kọ lẹ́tà sí Bíṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fún mi láyè pàtàkì. Ẹlòmíì ní kí n kàn kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin síbi orúkọ bàbá, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Báwo ni mo ṣe máa rí àyè yẹn gbà, ṣé ó máa ń pẹ́?

Ìdáhùn: Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Mo ka ọ̀rọ̀ yín débi “àyè pàtàkì” mo bá mí kanlẹ̀, torí kì í ṣe ẹnì kan kì í ṣe ẹni méjì ló ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tún un ṣe o. Kò sí àyè kankan tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹni tí òfin bá dí lọ́nà ló ń tọrọ àyè, òfin ò sì dí yín lọ́nà, sẹ̀kítárì ló dí yín lọ́nà.

Ìwé òfin Ìjọ tí à ń lò, èyí tí Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí ní 1983, nǹkan méjì ló béèrè kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, ẹ lọ wo òfin nọ́ńbà 868 nínú ẹ̀: kí àwọn òbí gbà, tàbí ọ̀kan nínú wọn, kí ìrètí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sì wà pé wọ́n máa tọ́ ọmọ náà nínú ìgbàgbọ́ Kátólíìkì. Ó parí. Ẹ gbọ́ “ọ̀kan nínú wọn” yẹn dáadáa, ẹ̀yin ni ọ̀kan ọ̀hún. Kò sí ìwé ìgbéyàwó níbẹ̀, kò sí risíìtì níbẹ̀, wọn ò sì ní bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ wá dúró tì yín. 867 tiẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, oṣù méje wá rèé, ẹ ṣì ń gbé fọ́ọ̀mù kiri.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó máa ń la ohùn pé “òfin ni” wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn ò ṣí ìwé òfin yẹn rí. Tí wọ́n bá ṣí i dé 877, wọ́n máa rí i pé Ìjọ ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa fi orúkọ ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò ṣègbéyàwó sínú rẹ́jísítà ìrìbọmi. Wọ́n á kọ orúkọ ìyá tí gbogbo èèyàn bá mọ̀ pé òun ló bí i, tàbí tí òun fúnra ẹ̀ bá ní kí wọ́n kọ ọ́. Orúkọ bàbá, àfi tí ìwé ìjọba bá fi hàn pé òun ni, tàbí kí ọkùnrin náà wá sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ níwájú Fadá páríìṣì àti ẹlẹ́rìí méjì. Tí ìyẹn ò bá sí, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìjọ tí ò fẹ́ ká ṣe ìrìbọmi fún irú ọmọ yẹn, kí ló tún jókòó tì tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán?

Ìyẹn náà ló dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin. Ẹ má dán an wò rárá. Rẹ́jísítà yẹn ni wọ́n máa padà ṣí lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe kọnfamésọ̀n, òun náà ni wọ́n máa ṣí lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbéyàwó, irọ́ tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í rọrùn yọ. Òfìfo ò ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá torí èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè Fadá, fọ́ọ̀mù tó wà ní páríìṣì tí wọ́n rán mi lọ ní ìlà kan tí wọ́n kọ “ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn òbí” sí. Obìnrin kan mú tiẹ̀ wá, ó ti kọ gbogbo ẹ̀ tán, ó ku ìlà yẹn. Ó ti kọ nǹkan sí i, ó fi bírò pa á rẹ́, ó tún kọ òmíì, ó tún pa á rẹ́, bébà yẹn ti fẹ́ ya níbẹ̀. Mo fìka tọ́ ọ, mo ní kó lọ parí ẹ̀ kó tó padà wá. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn ẹ̀. Kò padà wá o, mi ò sì rí i mọ́ títí wọ́n fi gbé mi kúrò níbẹ̀. Òfin kọ́ ni mo tẹ̀lé lọ́jọ́ yẹn, fọ́ọ̀mù ni mo tẹ̀lé. Bóyá ẹni tó fi rúlà fa ìlà yẹn kàn fẹ́ mọ tọkọtaya tí Fadá máa bẹ̀ wò nílé ni, nígbà tó pẹ́ ó di géètì. Póòpù Francis sọ ọ́ nínú ìwàásù àárọ̀ kan ní oṣù karùn-ún 2013, pé sákírámẹ́ǹtì méje ni Jésù fi lélẹ̀, àwa wá fi ẹ̀kẹjọ kún un, sákírámẹ́ǹtì kọ́sítọ́ọ̀mù, bíi ti àwọn tó ń dá èèyàn dúró ní bọ́dà, ìyá tí ò lọ́kọ tí wọ́n lé padà nídìí ìrìbọmi ọmọ ẹ̀ sì ni àpẹẹrẹ tó fi ṣe.

Àmọ́ ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi kọjá ibi tí mo gbé e dé. Mi ò tíì gbọ́ tẹnu Fadá yín, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni, òṣìkà èèyàn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín báwo lẹ ṣe máa tọ́ ọmọ yìí, ó lè ní kí ẹ wá sí kíláàsì àwọn òbí, òfin fọwọ́ sí kíláàsì yẹn, dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ẹ lọ, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ pé ìrètí yẹn ò sí rárá, ó lè sún un síwájú. Sísún síwájú ni òfin sọ o, kò sọ kíkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Ìwé tí Fátíkàn kọ lórí ìrìbọmi ọmọdé ní 1980 tiẹ̀ gbà pé ìlérí mọ̀lẹ́bí kan tàbí ti baba ìsàmì, ìyẹn ẹni tó dúró fún ọmọ níbi ìrìbọmi, lè tó.

Ti owó ìjọ, 848 ní kí wọ́n rí i pé àìní ò fi sákírámẹ́ǹtì du ẹnikẹ́ni. Ẹ san án nígbà tó bá wà lọ́wọ́ yín, gbèsè ọ̀tọ̀, ìrìbọmi ọ̀tọ̀.

Ẹ fi sẹ̀kítárì sílẹ̀, Fadá gangan ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn Mísà nígbà tí ogún èèyàn ń fà á láṣọ, ẹ bi í ìgbà tó máa ráyè. Ẹ mú ẹni tó máa ṣe ìyá tàbí baba ìsàmì dání, ẹnì kan ṣoṣo tó, kó ti pé ọmọ ọdún 16, kó jẹ́ Kátólíìkì tó ti ṣe kọnfamésọ̀n tó sì ń gbé ìgbàgbọ́ ẹ̀. Ẹ sọ fún Fadá pé ẹ̀yin lẹ máa tọ́ ọmọ yín, pé ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ rèé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ ìdáhùn mi yìí jáde kí ẹ lọ jù ú síwájú ẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan tẹ́ ẹ bá lọ gbà. Tó bá kọ̀ láìsọ ìdí, ìgbà yẹn gan-an ni lẹ́tà sí Bíṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, èyí ò ní fọ́ọ̀mù. Tí àìsàn tó lè la ẹ̀mí lọ bá kọ lu ọmọ kí gbogbo èyí tó yanjú, tí ẹ ò sì rí Fadá, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ da omi sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sọ pé “Mo ṣe ìrìbọmi fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.” “Mo” ni kẹ́ ẹ sọ o, ẹ má sọ “A”, Fátíkàn là á mọ́lẹ̀ ní 2020 pé èyí tí wọ́n bá fi “A” ṣe ò mú. Kí ẹ tún gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíákíá, ìrìbọmi kì í ṣe oògùn. Tí ara ẹ̀ bá ti yá, ẹ lọ sọ fún Fadá kó kọ ọ́ sí rẹ́jísítà.