Ìgbín Ń Yé, Ọmọ Ò Yè: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Ìgbín Òkun

Ìgbín òkun ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà oṣù yìí dá lé. Ẹni tó ń tọ́ iyùn alààyè nínú táǹkì omi iyọ̀ á ra ìgbín kó lè máa bá a jẹ ewé tó ń bo gíláàsì. Nígbà tó bá yá, á fẹ́ kí ìgbín náà bímọ. A ti kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìgbín Trochus méjì ló wà nínú táǹkì mi, lítà 200. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ omi, ọ̀kan gun orí òkúta lọ, ó sì ń tú nǹkan funfun jáde bí èéfín. Inú mi dùn pé ọmọ ti dé. Oṣù mẹ́ta rèé, mi ò rí ọmọ ìgbín kankan. Níbo ni mo ti ṣì í? (Òǹkàwé ní Peckham, London)

Ẹ ò ṣì í níbì kankan. Èéfín yẹn, àtọ̀ ni; akọ lẹ rí. Ti abo kì í rí bí èéfín: ẹyin wóró-wóró ni, ó máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀, á sì rọra máa rì lọ sísàlẹ̀. Ìgbín oko tá a mọ̀ nílé, akọ àti abo ló wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ti Trochus kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀, kò sì sí ohun tí ẹ lè rí lára ìkarahun tó máa sọ èwo ni èwo. Bí akọ àti abo bá pọ̀ bákan náà lọ́jà, ẹni tó ra méjì, ìdajì ni ìrètí rẹ̀ pé á bá takọtabo pàdé. Ẹni tó ra mẹ́ta ní ìrètí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ra mẹ́fà ní 97. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé kí ẹ má ra dín ní mẹ́fà.

Ká tiẹ̀ ní abo wà níbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ṣì ń bọ̀. Inú omi ni wọ́n ń da ẹyin àti àtọ̀ sí. Ọmọ tó pa níbẹ̀ kéré ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, á sì máa wẹ̀ kiri fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó balẹ̀ sórí òkúta. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, pọ́ǹpù á gbé e, skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi) á fà á jáde, iyùn fúnra rẹ̀ á sì fi í ṣe oúnjẹ alẹ́. Táǹkì tó dára fún iyùn, pakuté ni fún ọmọ ìgbín.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó ra ìgbín kankan nìyí: ọjọ́ mélòó ni ọmọ rẹ̀ ń fò léfòó? Ìgbín bíi Nassarius àti Nerite, títí kan ọ̀pọ̀ Cerith, ọmọ wọn á lefòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì máa jẹ ewé wínníwínní inú omi ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ máa rí ẹyin wọn lára gíláàsì: ti Nerite dà bí èso yànmọ̀tí funfun, ti Cerith dà bí okùn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ ò ní rí ọmọ. Trochus, Turbo àti Stomatella ní tiwọn, oúnjẹ inú ẹyin tó ọmọ wọn títí á fi balẹ̀. Ìgbín kékeré kan tún wà tó ń jẹ́ Euplica tí ọmọ rẹ̀ kì í lefòó rárá. Inú àpò ẹyin ló ti ń di ìgbín, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ rí ọmọ láìṣe wàhálà, Stomatella ni kẹ́ ẹ wá. Ìkarahun rẹ̀ kò ju èékánná lọ, ó sì máa ń já ìrù sílẹ̀ bí ọmọńlé tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ara òkúta tí ẹ rà ló bá wọlé. Ẹ fi mẹ́fà sílẹ̀ ní táǹkì tí kò sí akàn, kẹ́ ẹ má nu gíláàsì ẹ̀yìn mọ́.

Gíláàsì táǹkì mi kún fún ọmọ ìgbín funfun tíntìntín, wọ́n ká róbótó. Báwo ni mo ṣe máa bọ́ wọn? (Òǹkàwé ní Ìbàdàn)

Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yí ọ̀kan po lẹ́yìn gíláàsì, kẹ́ ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá kúrò nínú àmì yẹn, kì í ṣe ìgbín. Kòkòrò òkun kan tó ń kọ́ ilé ẹfun róbótó sí ara gíláàsì ni, Spirorbis ni wọ́n ń pè é. Kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, kò sì ní dàgbà ju bó ṣe wà lọ. Lẹ́tà irú èyí máa ń wọlé ṣáá.

Mo ní Trochus mẹ́jọ, mo ti ka gbogbo ohun tí mo lè kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. (Òǹkàwé ní Houston, Texas)

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni pé ẹyin ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Oúnjẹ ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ gé ike pẹlẹbẹ mẹ́wàá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20, kẹ́ ẹ fi ìwé ìyanrìn ha á díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tò wọ́n dúró nínú omi iyọ̀ lábẹ́ iná. Ohun pupa rúsúrúsú tó máa ń bo gíláàsì tuntun, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ni ẹ ń dúró dè. Òun nìkan ni ẹnu ọmọ ìgbín lè ha. Bí ẹ bá jẹ́ kó di ewé tútù tó gùn bí irun, ọmọ á wà lórí oúnjẹ, ebi á sì pa á.

Ẹ wá wo omi. Ìwọ̀n iyọ̀ kó wà ní 1.025 (specific gravity, bí omi náà ṣe wúwo tó sí omi lásán), ìgbóná ní 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kálísíọ̀mù láàárín mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan, alkalinity (ìwọ̀n káábónéètì inú omi, dKH ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) ní 8 sí 9 dKH. Amóníà kó jẹ́ òdo. Bí ẹ bá ti fi oògùn ẹja tó ní bàbà sínú táǹkì yẹn rí, ẹ má lò ó. Bàbà máa ń wọ inú òkúta, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì ti tó láti pa ìgbín.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ ìkarahun wọn, nítorí kòkòrò ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ kó wọn sínú korobá lítà 20 tí kò fojú kan ọṣẹ rí, pẹ̀lú omi táǹkì bíi lítà márùn-ún. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ rọ omi iyọ̀ tuntun tó fi ìwọ̀n 2 sí 3 gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ sínú rẹ̀. Ẹ pa iná. Ìyípadà yẹn ló máa ń sọ fún wọn pé àsìkò tó. Akọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: á gun òkè lọ, á na ara jáde, omi á sì dà bíi pé ẹnì kan kán wàrà sí i. Bí ẹ bá ti rí i pé omi funfun díẹ̀, ẹ mú àwọn akọ kúrò, kẹ́ ẹ dá wọn padà sí táǹkì. Àtọ̀ tó pọ̀ jù máa ń ba ẹyin jẹ́, ó sì máa ń sọ omi di eléèérí. Bí kò bá sí nǹkan kan títí di ọ̀gànjọ́, ẹ dá gbogbo wọn padà, kó di ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó tún gbìyànjú.

Bí abo bá ti yé, ẹ mú un kúrò. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹyin rì. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi òkè kúrò, kẹ́ ẹ fi tuntun dí i, kí ìgbóná àti iyọ̀ rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ẹyin tẹ́ sílẹ̀ ní ìpele kan ṣoṣo; bó bá jókòó lé ara wọn, ti ìsàlẹ̀ á rà, á sì kó bá tòkè. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti pín in sí korobá méjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ korobá. Ẹ máa rí wọn bí eruku tó ń jó nínú ìtànṣán oòrùn, àmọ́ eruku tó mọ ibi tó ń lọ: òkè. Àwọn tó ń wẹ̀ lókè yẹn ni kẹ́ ẹ fà sínú korobá tuntun. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ti kú, ẹ dà á nù láìbojú wẹ̀yìn. Fún afẹ́fẹ́, ẹ ti ẹnu rọ́bà pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ bọ omi láìfi òkúta afẹ́fẹ́ sí i, kí hóró afẹ́fẹ́ kan máa jáde bí ìṣẹ́jú-àáyá kan bá ti kọjá. Hóró wẹ́wẹ́ máa ń gbé ọmọ lẹ̀ mọ́ ojú omi, ibẹ̀ ni wọ́n á sì gbẹ sí. Lójoojúmọ́, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, kẹ́ ẹ fi asẹ́ ojú 60 micron dí ẹnu rọ́bà tí ẹ fi ń fà á.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ kó àwọn ike yẹn sínú rẹ̀. Ní bí ọjọ́ keje, ẹ yọ ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi awò wò ó. Ohun tó dà bí iyẹ̀pẹ̀ tí kò ṣàn lọ nígbà tí omi dà kúrò, tó sì fi ojú ọ̀nà mímọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú pupa rúsúrúsú yẹn, ọmọ yín nìyẹn. Àtìgbà yẹn lọ, táǹkì kékeré tó ní asẹ́ fóòmù àti iná wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó, kẹ́ ẹ máa fi ike tuntun rọ́pò èyí tí wọ́n bá ti jẹ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn á ṣì kú. Bí ogún bá yè nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹ má kó wọn lọ bá àwọn àgbà kí wọ́n tó tó mìlímítà 5, bí akàn tó ń gbé inú ìkarahun bá sì wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lé e jáde.

Èkó ni mo wà. Òkun kò jìnnà sí mi. Ṣé mo lè máa lọ pọn omi níbẹ̀? Iná mọ̀nàmọ́ná ńkọ́?

Omi ọ̀sà, rárá. Iyọ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan, àgàgà nígbà òjò, ìdọ̀tí ìlú sì ń ṣàn sí i. Omi òkun ṣeé lò bí ẹ bá pọn ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òkun ń kún bọ̀, níbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀sà, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ fi pamọ́ sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ sì wọn iyọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ tiwa, iyọ̀ àpò la máa pò. Omi kànga ẹ̀rọ kò yẹ ẹ́ láìkọ́kọ́ gba inú asẹ́ RO/DI (asẹ́ tó ń yọ gbogbo ohun tó yòrò sínú omi kúrò), nítorí irin inú rẹ̀.

Ti iná, ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì tó ń tan ara rẹ̀ bí NEPA bá ti mú un lọ. Korobá ọmọ ìgbín lè gbé e fún wákàtí mélòó kan. Táǹkì àgbà ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù fún. Ooru ni ìṣòro Èkó. Bí omi bá ti ń kọjá 30, ẹ fi fáànù fẹ́ ojú rẹ̀. Fáànù á sì mú kí omi máa gbẹ, iyọ̀ á máa ga. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi dí i, kò gbọdọ̀ jẹ́ omi iyọ̀.

Mo ra owó ẹyọ alààyè kan fún táǹkì mi. Ó ti jókòó sábẹ́ òkúta láti ọjọ́ mẹ́wàá, kò jáde wá jẹun. Ṣé ó ń kú lọ ni? (Òǹkàwé ní Baltimore)

Ó ń sàba ni. Abo owó ẹyọ máa ń yé sí ojú kan, á fi ẹsẹ̀ bo ẹyin náà bí adìẹ, kò sì ní jẹun. Ẹ má gbé e. Bí ẹ bá ṣí i nídìí, ẹja á kó ẹyin náà jẹ. Ẹ máa rí i pé àwọ̀ ẹyin á máa ṣú lọ. Lẹ́yìn náà ọmọ á pa, wọ́n á sì wọ inú omi lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí táǹkì ilé kò lè gbà wọ́n là.

Ẹ̀yà tí àwọn baba wa ná lọ́jà, inú òkun tiwa kọ́ ló ti wá. Òkun Íńdíà ni, láti Maldives. Ní nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹ̀yà kejì wá láti Zanzibar, owó sì pọ̀ títí tí kò fi níye lórí mọ́. Ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ méjì tá à ń kà títí dòní, 20,000 ẹyọ ìgbín òkun ni ọ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan funfun bí hóró ìrẹsì wà ní ẹnu ìkarahun Trochus mi lálẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́, n kò ní rí i mọ́. (Òǹkàwé ní Manchester)

Ìgbín ni òun náà, Pyramidellidae lorúkọ ìdílé rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Trochus yín ló ń mu. Kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Ẹ mú Trochus náà jáde ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí iná bá kú, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá wọn kúrò sínú abọ́ omi iyọ̀, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Àpò ẹyin wọn máa ń wà lára ìkarahun bí ìṣàn omi tó dì. Ẹ fi èékánná ha á. Ẹ ṣe é lálẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, títí tí ẹ ò fi ní rí nǹkan kan fún oṣù kan.