Gògóńgò màlúù, oje ìbẹ́pẹ àti nǹkan funfun ìsàlẹ̀ ìgò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Alápatà ni mí. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ti lọ gògóńgò màlúù, wọ́n rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ oje ìbẹ́pẹ dúdú, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n wá da spírítì sí omi rẹ̀. Nǹkan funfun rọ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n ní chondroitin tó wà nínú oògùn orúnkún nìyẹn. Mo ti ṣe ìgò kan fún màmá mi. Ṣé kí n tún fi spírítì kún un kó lè mọ́ dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fún Màmá. Spírítì wo lẹ lò? Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń nu awọ ara kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kí methanol wà nínú rẹ̀. Májèlé ni. Ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani.

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń ṣe fídíò náà ló ń bí mi nínú. Ẹ̀yin ò ṣẹ̀ mí.

Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́ ni ilé iṣẹ́ ń lo gògóńgò màlúù, wọ́n ń lo bísíkíìtì bóònù ẹlẹ́dẹ̀, ti adìyẹ àti ti ẹja ṣáàkì pẹ̀lú. Inú bísíkíìtì bóònù ni chondroitin sulfate wà: ṣúgà tó so kọ́ra gùn gbọọrọ ni, sulfate sì wà lára rẹ̀. Kì í dá wà. Ó so mọ́ purotéènì bí ewé ṣe tò sára imọ̀ ọ̀pẹ. Papain inú oje ìbẹ́pẹ ló ń gé igi àárín yẹn kélekèle kí ewé lè já bọ́. Ní ilé iṣẹ́, omi rẹ̀ á gbóná tó ìwọ̀n 60 lórí tẹ̀mómítà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ inú ike nílé, tí ẹran lílọ̀ wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kòkòrò àrùn ló ń sìn.

Ibi tí wọ́n ti mú yín ni nǹkan funfun yẹn. Ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀ nínú spírítì kò tíì di ohun tó mọ́. Spírítì á lé chondroitin kúrò nínú omi, á sì lé jẹ́látíìnì, purotéènì tí ìbẹ́pẹ kò gé tán àti iyọ̀. Bí ẹ bá ṣe ń fi kún un ni ìdọ̀tí á máa rọ̀ sí i. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi ní láàbù, ó funfun bí láfún. Mo po díẹ̀ nínú omi, mo da omi kọ́sítíìkì sódà sí i, mo wá kán omi kọ́pà aláwọ̀ búlúù lé e. Lójú ẹsẹ̀ ló di àwọ̀ elése àlùkò. Purotéènì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni yẹn sì ti ń tà á fún àwọn àgbàlagbà.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ pàápàá, funfun yìí ti tàn wọ́n. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn chondroitin ni pé kí wọ́n da èròjà kan sí i, kí wọ́n wo bó ṣe ń ṣú bí ìkùukùu. Àwọn oníjìbìtì rí i pé iyọ̀ phosphate kan àti èròjà inú koríko òkun náà ń ṣú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lú u mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo chondroitinase báyìí, ẹ́ńsáìmù tó ń gé irú ṣúgà yìí sí méjì-méjì, kí ẹ̀rọ tó ka ègé rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti fi asẹ́ tín-ín-rín àti rẹ́sìnì, hóró kéékèèké tó ń ya èròjà sọ́tọ̀, fọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó, wọ́n á tún jẹ́ kó rọ̀, léraléra.

Lọ́dún 2008, wọ́n rí chondroitin tí wọ́n ti fi kẹ́míkà kó sulfate lé lórí ju ti ìṣẹ̀dá lọ nínú heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe kò dá a mọ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn já wálẹ̀ lójijì, àwọn kan sì kú ní Amẹ́ríkà.

Èyí tí kì í ti ara ẹran wá náà wà. Bakitéríà E. coli K4 ń ṣe é, wọ́n á bọ́ fructose, ṣúgà mìíràn tó wà lára rẹ̀, kúrò, wọ́n á fi sulfate sí i. Iṣẹ́ ilé ìdáná kọ́ nìyẹn.

Ojúlówó rẹ̀ gan-an ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán chondroitin àti glucosamine wò lára èèyàn 1,583 tí orúnkún ń dùn, èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Lápapọ̀, ìrora wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dín ju ti àwọn tó gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ẹ má ta màlúù nítorí rẹ̀. Bí Màmá bá ń lo warfarin, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. N kò rí orúnkún Màmá, n kò lè kọ oògùn fún un láti ibí. Ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní eré ìdárayá tó bá orúnkún mu. Gògóńgò tó kù, ẹ sè é lọ́bẹ̀.

Bó bá ti mu nínú ìgò náà kí ẹ tó ka èyí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí, kódà bí nǹkan kan kò tíì ṣe é. Ẹ mú ìgò spírítì náà dání, kí dókítà lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.