Ọjọ́ Àkọ́kọ́ ní Erékùṣù: Ẹ Wo Òkun Kí Ẹ Tó Wọ̀ Ọ́

Ìbéèrè: Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 9, èkejì ọmọ ọdún 13, fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́fà ní erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ olóoru, níbi tí èrò kò pọ̀ sí, tí kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tí ń bójú tó àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀sán ni a máa gúnlẹ̀. Kí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú arìnrìn-àjò lọ sí irú erékùṣù bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì máa ń bẹ gbogbo wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ inú òkun ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n bá gúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní rọrùn fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ń ríran, pàápàá létí òkun, nítorí ibi tí omi ti dákẹ́ jù lójú àlejò lè jẹ́ ibi tí ó léwu jù.

Ìgbì a máa ti omi wá sí etíkun láìsinmi, omi náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sínú agbami. Ibi tí ilẹ̀ abẹ́ omi bá ti jìn díẹ̀, tàbí tí àlàfo bá wà láàárín òkúta iyùn, ìyẹn òkúta tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ń kọ́, ni ó sábà máa ń gbà padà. Ọ̀nà náà kì í fẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣàn rẹ̀ lè yára ju òmùwẹ̀ tó gbówọ́ lọ. Nítorí pé ibẹ̀ jìn, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró létí omi yóò rí ìfófòó funfun lápá ọ̀tún, yóò rí i lápá òsì, yóò sì rí ojú ọ̀nà kan láàárín wọn tí ó tẹ́jú, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, tí ewéko òkun sì ń léfòó lórí rẹ̀ lọ sí ọ̀nà agbami. Ibẹ̀ gan-an ni òbí tí kò mọ̀ yóò ti ní kí ọmọ máa ṣeré. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbi tó ga díẹ̀, kí ẹ jọ wo omi fún bí ìṣẹ́jú 15, títí àwọn fúnra wọn yóò fi lè nawọ́ sí ojú ọ̀nà náà.

Bí ìṣàn náà bá gbé ẹnikẹ́ni, kí ó má ṣe bá a jìjàkadì láti padà tààrà sí etíkun. Kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀ omi, agbami ló ń gbé e lọ. Àárẹ̀ àti ìpayà ló ń rì ènìyàn. Kí ó léfòó, kí ó nawọ́ sókè, kí ó sì lúwẹ̀ẹ́ ní ìbú, lọ́nà tó bá etíkun dọ́gba, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀. Kí òbí má sì fò wọ omi lọ́wọ́ òfìfo láti lọ gbà á. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa, tí a jù sí i, wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àwọn apẹja, kí ẹ béèrè ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó wà láàárín méjèèjì, ebè iyanrìn tí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé sì lè di ibi tí omi yí ká kí ẹ tó padà.

Ní ti oòrùn, atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé ó ń jó wa, ara dúdú kò sì ní kí ó má jó ènìyàn. Láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, mo fara mọ́ aṣọ alápá gígùn àti fìlà ju ìpara adènà oòrùn lọ. Ẹ fi ìpara tí a kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára (SPF ni ìwọ̀n bí ó ṣe ń dènà oòrùn tó) pa ibi tí aṣọ kò bò, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ yẹra fún èyí tó ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní oxybenzone, nítorí ó lè pa iyùn lára; láti ọdún 2020 ni orílẹ̀-èdè Palau ti fòfin dè é.

Ẹ má ṣe fi omi ṣòfò rárá. Ní ọ̀pọ̀ erékùṣù iyùn, omi òjò tó rin wọ inú ilẹ̀ ni ó ń léfòó lórí omi iyọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, nítorí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Bí wọ́n bá fà á jù, omi iyọ̀ yóò gòkè wọ inú kànga àwọn onílé. Ẹ se omi kànga kí ẹ tó mu ún.

Ilẹ̀ tètè máa ń ṣú ní agbègbè olóoru, nítorí náà ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ìtòsí. Kí ẹ tó sùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín sílé pé ọkọ̀ ta ni ó lè gbé aláìsàn kọjá lóru, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé, nítorí fóònù lè kú níbi tí wọ́n ti máa ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́.