Dókítà Ló Pàṣẹ, Èmi Ni Mo Gún Abẹ́rẹ́: Ọrùn Ta Ni Ẹ̀bi Wà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní òru ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ ń kérora, ó sì ń fa rọ́bà tí a fi ń fún un ní oúnjẹ yọ kúrò ní imú. Èmi àti ẹnì kan péré la ń tọ́jú aláìsàn 28. Dókítà pàṣẹ lórí fóònù pé kí n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó dá pọ̀ ju èyí tí mo mọ̀ pé ó yẹ arúgbó lọ. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní òun ni dókítà, pé ọwọ́ tèmi mọ́. Ọ̀gá mi náà sọ pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀, ara lásán ló kù níbẹ̀, pé kí n jẹ́ kí àwọn yòókù rí oorun sùn. Mo gún un. Bàbá náà kò jí títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí ó ń pè é tí kò dáhùn. Ó jí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni ọwọ́ mi mọ́? Bí òfin kò bá sì mú mi, kí ló dé tí ẹ̀rí-ọkàn mi kò fi mí sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì tí oorun dá lójú rẹ̀

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àròyé ọkàn, ẹ sì ṣeun tí ẹ kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín: ọwọ́ yín kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ dókítà àti ti ọ̀gá yín dọ̀tí ju tiyín lọ. Ẹ̀bi kì í ṣe ẹrù tí ẹnì kan ń gbé kí ẹlòmíràn lè sinmi. Ẹ wo ohun tí ẹ máa ń ṣe kí ẹ tó gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́: ẹ ó ka orúkọ tí ó wà ní ọrùn-ọwọ́ aláìsàn, ẹ ó yẹ oògùn náà wò, ẹ ó yẹ ìwọ̀n rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara wò. Bí ó bá jẹ́ pé àṣẹ dókítà nìkan ló tó, kí ni à ń yẹ̀ wọ́n wò fún? Iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ ti gbà pé ẹ ní làákàyè tí ẹ fi ń dá ọ̀ràn rò. Ẹ ti rí i pé ìwọ̀n náà pọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni ojúṣe yín sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn ti dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ní ìlú Hadamar ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà ìjọba Násì, àwọn nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti oògùn pa àwọn tí a kó wá sí ilé ìwòsàn náà. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ẹjọ́ ológun Amẹ́ríkà ní ìlú Wiesbaden ní oṣù Kẹwàá ọdún 1945, wọ́n ní àṣẹ ni àwọn tẹ̀ lé. Àwíjàre náà kò gbà wọ́n: olórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25, wọ́n sì dájọ́ ikú fún nọ́ọ̀sì ọkùnrin méjì. N kò fi yín wé wọn rárá, nítorí pé ìpànìyàn ni èrò tiwọn, ìtura sì ni ẹ ń wá. Gbólóhùn tí wọ́n sá sí abẹ́ rẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí, torí òun náà ni dókítà yín nà sí yín lórí fóònù. Ìlànà ìwà tí àjọ àgbáyé àwọn nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1953, tí wọ́n sì ti tún ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di ọdún 2021, sọ pé nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni yóò jíhìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ló dùn mí jù. John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, sọ pé ẹni tí ó lè ronú, tí ó sì mọ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan náà láti àná dé òní, òun ni ènìyàn ní ìtumọ̀ kíkún. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn nìkan wọn àwọn tó wà lórí ibùsùn, ọmọ tuntun jòjòló yóò bọ́ sílẹ̀, ẹni tí a kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ náà yóò sì bọ́ sílẹ̀. Èdè wa kò rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá sọ pé ẹnì kan “kì í ṣe ènìyàn”, ìwà ìkà rẹ̀ ni à ń bá wí. N kò tíì gbọ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí àìsàn gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, ní òru ọjọ́ yẹn, kì í ṣe bàbá náà ni jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀ wà nínú ewu.

Ta ni ó tilẹ̀ sọ pé kò lè sọ̀rọ̀? Ẹni tí ó ń fa rọ́bà ní imú ń sọ nǹkan. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà náà ń dùn ún, pé ìtọ̀ ti kún inú rẹ̀ tí kò lè yọ, tàbí pé èémí kò tó o. Gbogbo èyí ni nọ́ọ̀sì máa ń wò kí ọ̀rọ̀ tó kan oorun, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí ó bá pọ̀ jù lè dá èémí dúró.

Ní ọdún 2017, ní ìlú Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá kan fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí iná jó, tí kò mọ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ka ìlànà ilé ìwòsàn sí i létí pé láìsí ìyọ̀ǹda aláìsàn tàbí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, tí wọn kò sì tíì fi òfin mú ọkùnrin náà, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè gbà. Ọlọ́pàá náà fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó wọ́ ọ jáde. Wọ́n tú u sílẹ̀ láìfi ẹ̀sùn kankan kàn án. Níbẹ̀, òfin àti ẹ̀rí-ọkàn jọ dúró ti ẹni tí kò lè gbẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọn kì í fìgbà gbogbo dúró pọ̀. Òfin sábà máa ń béèrè ìpalára tí ó ṣẹlẹ̀ àti ẹ̀rí rẹ̀, bàbá sì ti jí. Ẹ̀rí-ọkàn ń béèrè ohun tí ẹ mọ̀ nígbà tí ìka yín ń ti abẹ́rẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi fi yín sílẹ̀, n kò sì rò pé ó ṣèké. Síbẹ̀ kí ó bá yín wí níwọ̀n, torí ẹni tí ó fi ènìyàn méjì ti aláìsàn 28 ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi yìí.

Bí irú rẹ̀ bá tún wáyé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1967 lórí oyún ṣíṣẹ́ fàyè gba ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò gbà láti má lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fàyè gbà á bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kan ni à ń kọ̀, a kì í kọ aláìsàn. Ẹ dúró tì í, ẹ pe dókítà mìíràn, ẹ sì kọ ìdí tí ẹ fi kọ̀ sínú fáìlì.

Ní ti èyí tí ó ti kọjá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn yín: ìwọ̀n oògùn náà, wákàtí tí ẹ gún un, ẹni tí ó pàṣẹ, àti pé ẹ bi í léèrè. Ẹ béèrè pé kí wọ́n sọ òtítọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, kí ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Bí bàbá náà bá ṣì wà ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un, kí ẹ sì dúró díẹ̀, bí ẹni tí ó ń retí èsì.