Ajẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ọba: ìbéèrè yín lórí ìjọba Bísántíọ̀mù nínú géèmù ogun

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí Crusader Kings III, géèmù kọ̀ǹpútà lórí ogun àti ìjọba ayé àtijọ́, ti gbé àfikún tó ń jẹ́ Roads to Power jáde, tó sì fún Constantinople ní irú ìjọba tirẹ̀, ìbéèrè ò dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù náà àti àwọn tó fẹ́ kọ tara wọn. Bísántíọ̀mù la ó máa pe ilẹ̀ náà níbí, ìyẹn ìjọba Róòmù ìhà ìlà oòrùn tí Constantinople jẹ́ olú ìlú rẹ̀, torí orúkọ tí ìwé ń pè é nìyẹn. Àwọn fúnra wọn, ará Róòmù ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì là ń kọ géèmù ogun ayé àtijọ́. Òfin kan náà la lò fún Faransé àti Bísántíọ̀mù: ọba ló nilẹ̀, ó pín in fún ìjòyè, ìjòyè fi jogún fún ọmọ. Kí ọgọ́rin ọdún tó pé nínú géèmù, Bísántíọ̀mù á ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kí la ṣì ṣe? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ẹ sọ ajẹ́lẹ̀ di ọba aládé ni. Ní Faransé, ẹni tó ń jẹ oyè Anjou jogún Anjou lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ní Bísántíọ̀mù, wọ́n rán ẹni tó ń ṣàkóso ẹkùn lọ síbẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí Aláàfin ṣe ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú abẹ́ rẹ̀. Strategos ni wọ́n ń pè é, thema sì ni ẹkùn rẹ̀. Ọdún mélòó kan ló máa ń lò níbẹ̀, ọba lè pè é padà nígbàkígbà, òfin ò sì gbà kó ra ilẹ̀ níbi tó ti ń ṣàkóso.

Nǹkan mẹ́ta lẹ dì pọ̀ mọ́ra: iṣẹ́, oyè àti ilẹ̀. Ẹ tú wọn. Lọ́dún 899, òṣìṣẹ́ ààfin kan tó ń jẹ́ Philotheos, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo àlejò sí ìdí tábìlì ọba, kọ gbogbo ipò sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ló pín wọn sí. Oyè ni èyí tí wọ́n ń fi ohun àmì kan joyè: patrikios, bí àpẹẹrẹ, ń gba wàláà eyín erin tí wọ́n kọ̀wé sí. Irú oyè bẹ́ẹ̀ jẹ́ 18 fún àwọn onírùngbọ̀n, 8 fún àwọn ìwẹ̀fà, ìyẹn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá. Iṣẹ́ ni èyí tí ọba fi ẹnu lásán fúnni, tó sì lè fi ẹnu lásán gbà padà. Ẹni kan lè ní oyè ńlá kó má níṣẹ́ kankan lọ́wọ́.

Nínú kóòdù, ẹ fún olúkúlùkù ènìyàn ní àyè mẹ́ta. Iṣẹ́ ń padà sọ́wọ́ ọba bí ẹni náà bá kú tàbí tí wọ́n yọ ọ́. Oyè ń bá a lọ títí dọjọ́ ikú, kò sì kan ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni ogún, kí ẹ sì pín in fún tọkùnrin tobìnrin, torí òfin wọn ò ya ọmọbìnrin sọ́tọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Bí ẹ bá so ọmọ ogun ẹkùn mọ́ ẹni náà dípò iṣẹ́ náà, ọjọ́ tí ọba bá yọ ọ́ ni yóò kó gbogbo wọn tẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ. Ẹ so wọ́n mọ́ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ilẹ̀ di asán. Àwọn ìdílé bíi Phokas àti Skleros di alágbára ní Éṣíà Kékeré nítorí ilẹ̀ àti ẹbí tó wà lẹ́yìn wọn, débi pé ọba Romanos Kìíní lọ́dún 934 àti Basil Kejì lọ́dún 996 ní láti ṣòfin lòdì sí bí àwọn alágbára ṣe ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ tálákà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìdílé máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan nínú wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ọba ní bọ́tìnnì tó lè fi dá a dúró, kí bọ́tìnnì náà sì mú kí ìdílé ńlá bínú sí i.

Nínú Crusader Kings III, mo jẹ́ gómìnà. Nígbà tí mo kú, ẹlòmíràn ló gba ẹkùn mi, ọmọ mi ò rí nǹkan kan. Ṣé géèmù ló bàjẹ́ ni? (Òǹkàwé, London)

Rárá o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lábẹ́ irú ìjọba yìí, olùdíje ló ń dupò, ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń mú un. Ẹ lè fi influence yín (iyì òṣèlú tí ẹ lè ná) kún àmì ọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó darúgbó, nítorí pé àwọn ìdílé yòókù ń ná tiwọn náà. Ohun tí kò lè bọ́ lọ́wọ́ yín ni ilé ìdílé, èyí tí géèmù ń pè ní estate. Bí ìdílé yín bá pàdánù ẹkùn, ilé yẹn ṣì wà, ibẹ̀ lẹ ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ná gbogbo wúrà rẹ̀ sórí ẹkùn, tó fi ilé ìdílé sílẹ̀ lófìfo, ló ń padà wá kọ irú lẹ́tà yìí.

Owó ọba kì í tán nínú géèmù wa. Kí la lè fi ná an tí kò ní dà bí ìyà lásán? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Owó oṣù, tàbí ká kúkú pè é ní owó ọdún. Nínú àkọsílẹ̀ ìgbà ọba Leo Kẹfà, strategos Anatolikon ń gba 40 pọ́n-ùn wúrà lọ́dún, ti Opsikion 30, ti Kibyrrhaiotai tó jẹ́ ẹkùn ọkọ̀ ojú omi 10. Pọ́n-ùn Róòmù kan jẹ́ owó wúrà 72, nítorí náà 2,880, 2,160 àti 720 ni. Àwọn strategos ìhà ìwọ̀ oòrùn kì í gba nǹkan láti ilé ìṣúra. Inú ẹkùn wọn ni wọ́n ti ń mú tiwọn. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sínú géèmù, torí òun ni yóò mú kí gbogbo ènìyàn máa du ẹkùn ìlà oòrùn.

Ẹ sì jẹ́ kí sísan owó náà jẹ́ ọjọ́ kan pàtó lójú gbogbo ènìyàn. Lọ́dún 950, aṣojú kan láti Ítálì, Liudprand ará Cremona, rí i bó ṣe ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ọba fúnra rẹ̀ ló ń pín àpò wúrà. Èjìká ni wọ́n gbé ti àwọn tó ga jù lé. Ẹni tó bá jẹ́ magistros, oyè tó ga ju patrikios lọ, gba 24 pọ́n-ùn, patrikios gba 12. Bí ọba bá san án pé, kí ìfẹ́ sí i gòkè. Bí ó bá dín in, kí orúkọ ẹni tó gba èyí tó dín máa yọ lójú géèmù, kí ọba mọ ẹni tí yóò máa ṣọ́.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n lò nígbà tí wúrà dín kù ni pé wọ́n po owó pọ̀ mọ́ irin mìíràn. Owó tó jẹ́ kárátì 24, ìyẹn ògidì wúrà, tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1040, ó sì bàjẹ́ pátápátá kí Alexios Kìíní tó ṣe tuntun lọ́dún 1092, ní bíi kárátì 20 àti ààbọ̀. Nínú géèmù, ẹ fún ọba ní bọ́tìnnì tó ń bu kárátì méjì kúrò, kí àpò rẹ̀ wú lójú ẹsẹ̀. Kí owó ọmọ ogun àyàlò gòkè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Bí ìyà bá dé lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tẹ bọ́tìnnì náà. Bí kò bá dé rárá, gbogbo ènìyàn ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Àárín ọdún mẹ́ta yẹn ni ìdẹkùn wà.

Géèmù kan tí mò ń gbá ka ìwẹ̀fà sí aláàbọ̀ ènìyàn: gbogbo àmì rẹ̀ ló ń dín kù. Ní Ọ̀yọ́, Òsì-ẹfà ń ṣojú Aláàfin fúnra rẹ̀. Ṣé ti Bísántíọ̀mù yàtọ̀ ni? (Òǹkàwé, Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin lẹ jàre, géèmù ló ṣì í. Ìwẹ̀fà ò lè jọba, nítorí náà ọba lè fi ẹ̀yìn tì í. Basil Lekapenos, ọmọ Romanos Kìíní, ìwẹ̀fà ni. Òun ló ń darí ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Basil Kejì tó lé e lọ lọ́dún 985. Ọmọ Michael Kìíní tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lọ́dún 813, kó má bàa jọba, di pátíríákì, olórí ìjọ Constantinople, lọ́dún 847: Ignatius nìyẹn. Philotheos ní gbogbo iṣẹ́ ló ṣí sílẹ̀ fún ìwẹ̀fà àfi díẹ̀, irú bí olórí ìlú Constantinople. Nínú kóòdù: kó má lè jọba, kó má lè gba àwọn iṣẹ́ díẹ̀ yẹn, kí ìgbẹ́kẹ̀lé ọba nínú rẹ̀ ga, kí agbára rẹ̀ láti wádìí ọ̀tẹ̀ ga sí i.

Ní ti fífọ́ ojú, tí ẹlòmíràn tún béèrè bóyá ó ń dí ọ̀nà ìtẹ́ mọ́ ènìyàn títí láé: ẹ má sọ ọ́ di ìlẹ̀kùn àtìpa. Wọ́n fọ́ ojú ọba Constantine Kẹfà lọ́dún 797 lábẹ́ ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tán. Ṣùgbọ́n Isaac Kejì Angelos tí wọ́n fọ́ lójú lọ́dún 1195 padà sórí ìtẹ́ lọ́dún 1203, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Krusédì (ogun ẹ̀sìn àwọn Kristẹni ìwọ̀ oòrùn) dé ìdí odi. Justinian Kejì tí wọ́n gé nímú lọ́dún 695 padà lọ́dún 705. Kí ẹni náà pàdánù ohun púpọ̀, kí ẹgbẹ́ ogun òkèèrè sì lè gbé e padà.

Ta ló ń jọba gan-an? Kò sí òfin ogún tí mo rí tó bá a mu. (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Kò sí òfin ogún ní kíkọ. Ọmọ ogun, ààfin, ará ìlú àti pátíríákì ló ń fọwọ́ sí i, ìlú Constantinople sì ni ìdíwọ̀n. Ẹni tí ẹnu odi bá ṣí fún ló jọba. Thomas, ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Slav, gba ọ̀pọ̀ ẹkùn, ó dó ti ìlú láti 821, kò wọlé, ó pàdánù. Alexios Kìíní Komnenos wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1081, ogun parí. Nítorí náà, ẹ má ka ẹkùn nínú ogun abẹ́lé. Ẹ ka ìlú.

Ará ìlú kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lọ́dún 1042, Michael Karùn-ún lé Zoe, tó jẹ́ ọmọ ọba tòótọ́, kúrò ní ààfin. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n sì rọ̀ ọ́ lóyè. Kí ìbínú ará ìlú lè yọ ọba láìsí ẹkùn kan tó ṣọ̀tẹ̀.

Ohun tí géèmù ń gbàgbé jù ni pé ìtẹ́ náà gba ju ẹnì kan lọ. Wọ́n dé Basil Kejì ládé lọ́dún 960, ọmọdé ni. Nikephoros Kejì jẹ ọba àgbà láti 963, ó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ bí ọba kékeré. John Kìíní pa Nikephoros lọ́dún 969, òun náà fi í sílẹ̀. Ọdún 976 ni Basil tó di ọba àgbà. Ẹ ṣe àyè ọba àgbà kan àti àyè ọba kékeré mélòó kan. Kí ẹni tó fi ipá gba ìtẹ́ lè yàn láàárín pípa ọmọ náà, èyí tó ń bí ará ìlú nínú, àti fífi í sílẹ̀, èyí tó ń fún un ní iyì lónìí tó sì ń tọ́jú ọ̀tá dọ̀la. Kí ọba kékeré tó dàgbà máa béèrè agbára rẹ̀ bí ọba àgbà bá kú. Lọ́dún 987, nígbà tí Bardas Phokas kó ọmọ ogun ìlà oòrùn, tó sì pe ara rẹ̀ lọ́ba, 6,000 jagunjagun tí Vladimir rán wá láti Kiev ló gba Basil. Ẹ jẹ́ kí irú ìrànlọ́wọ́ òkèèrè bẹ́ẹ̀ ní owó tí a ń san fún un: Basil fi arábìnrin rẹ̀ Anna fún Vladimir fi ṣaya.

Ṣé òfin kan náà la lè lò láti 867 dé 1178, ìyẹn láti ọdún ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn nínú Crusader Kings III? (Òǹkàwé kan náà)

Rárá. Lẹ́yìn 1081, ẹbí Komnenos sọ ìjọba di ọ̀rọ̀ ẹbí. Alexios dá oyè sebastokrator sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Isaac, oyè ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan. Fún 1178, ẹ fi àmì kún ti olùdíje tó bá bá ọba tan, kí ẹ sì dín agbára owó ọdún kù.