Ìwé agbaṣẹ́ṣe ní káńsù: ẹ kọ́kọ́ yẹ owó-orí ilé-iṣẹ́ yín wò

Ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè irú ìwé àṣẹ tí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ àbúrò yín kí ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tó dá sílẹ̀ tó lè gba iṣẹ́ yàrá ìkàwé tàbí gọ́tà ṣe nílé. Mo ka ìbéèrè náà, oorun dá lójú mi. Ohun tí èmi àti àbúrò tèmi là kọjá gẹ́lẹ́ nìyẹn. Calgary ni mo wà, òun wà n'Íbàdàn, orí fóònù la ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, ààjìn òru tèmi sì ni àárọ̀ tiwọn. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àwọn tó dáhùn ṣáájú mi ń lu nǹkan méjì pọ̀, ilé ara ẹni àti iṣẹ́ ìjọba. Bó bá jẹ́ ilé ara yín ni àbúrò yín fẹ́ kọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ láísẹ́nsì káńsù. Nínú iṣẹ́ tí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kà sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, láísẹ́nsì kẹ̀kẹ́ ológeere wà níbẹ̀, ti ọkọ̀ ojú omi àti bárò náà wà níbẹ̀, kò sí ti agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé fún ẹlòmíràn. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ìyẹn sì wà, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2003. L'Ékòó, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ LASPPPA ló ń fún ni níwèé, àjọ kejì, LASBCA, ló ń wá wo ilé bó ṣe ń gòkè. Àwòrán ilé gbọ́dọ̀ ní èdìdì ẹni tí ARCON, ìgbìmọ̀ àwọn ayàwòrán ilé, mọ̀, ti irin àti kọnkéré gbọ́dọ̀ ní ti ẹnjinníà tí COREN, ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjinníà, mọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́lékọ́lé kan kọ́ṣẹ́ lóòótọ́, CORBON, ìgbìmọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé, ni kẹ́ ẹ bi, láti 1989 ni òfin ti dá wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó "láísẹ́nsì agbaṣẹ́ṣe" lọ́wọ́ yín lórí ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ́, ẹ ní kó fi òfin tó fi ń gbà á hàn yín, kẹ́ ẹ sì gba rísíìtì.

Iṣẹ́ ìjọba lẹ bèèrè, ó sì yàtọ̀. Níbẹ̀, káńsù máa ń ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn agbaṣẹ́ṣe sí, ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́. Láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, ni àbúrò mi ti ń sọ pé iṣẹ́ máa wà, ká yáa forúkọ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ gan-an kò le. Lẹ́tà sí alága, ẹ̀ka iṣẹ́ òde gbà á wọlé, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù, ó sanwó lọ́dọ̀ akápò, ó mú ìwé CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀) lọ, àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe, àti lẹ́tà báńkì. Kíláàsì kíláàsì ni wọ́n pín in sí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó, owó kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ọdọọdún la ń tún un ṣe. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, àbúrò yín máa ṣe é wẹ́rẹ́.

Ibi tí a ti kọsẹ̀ ni TCC, ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta tó ṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbí dáadáa, torí ibí ni owó ti ń wọlẹ̀.

Ọdún 2021 ni aṣojú kan bá wa forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní CAC. Ó gbowó rẹ̀, ó fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó ní gbogbo ẹ̀ ti parí. Inú wa dùn. A gbé ìwé náà sínú fáìlì títí a ó fi rí iṣẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé láti ọjọ́ tí orúkọ ilé-iṣẹ́ bá ti wọ ìwé CAC ni owó-orí ti mọ̀ ọ́n, ì báà ṣiṣẹ́, ì báà má ṣiṣẹ́. Òfin owó-orí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ kedere pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ lọ́dọọdún, kódà bí kò bá ní kọ́bọ̀ kan láti san. Lábẹ́ òfin tó wà láti 2020 di ìparí 2025, ₦25,000,000 ni ààlà: ilé-iṣẹ́ tí owó tó wọlé fún un lọ́dún kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í san owó-orí èrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n rò pé àwọn ti bọ́. Sísan ni wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀, wọn ò yọ wọ́n kúrò nínú fífi ìwé ránṣẹ́.

Ìtanràn rẹ̀ lábẹ́ òfin àtijọ́ ni ₦25,000 fún oṣù àkọ́kọ́ tí ìwé bá fi pẹ́, àti ₦5,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Ó dà bí owó kékeré. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó sùn fún ọdún mẹ́ta. Ìwé tó fi oṣù 36 pẹ́ jẹ́ ₦200,000. Èyí tó fi oṣù 24 pẹ́ jẹ́ ₦140,000. Èyí tó fi oṣù 12 pẹ́ jẹ́ ₦80,000. Àpapọ̀ rẹ̀, ₦420,000, lórí ilé-iṣẹ́ tí kò tíì da sìmẹ́ǹtì báàgì kan. A ò tíì mẹ́nu kan VAT, owó-orí ọjà, tí ìwé tirẹ̀ ń lọ lóṣooṣù, ó pẹ́ tán ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀ lé e, fún ilé-iṣẹ́ tí òwò rẹ̀ bá tóbi tó èyí tí òfin VAT mú. Nígbà tí àbúrò mi ka iye tí wọ́n kọ fún wa lórí fóònù, mi ò lè sọ̀rọ̀. Owó tí mo ti fi pamọ́ fún ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré ló lọ síbẹ̀.

Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026, nígbà tí FIRS, àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀, di Nigeria Revenue Service, tún gbé e ga. Ó ti di ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tó bá fi ọdún kan pẹ́ ti di ₦650,000. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo. Bí ilé-iṣẹ́ àbúrò yín ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ẹ ṣì wà lórí òkè odò: ilé-iṣẹ́ tuntun ní oṣù 18 láti ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀, tàbí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìparí ìṣirò ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ bi í lónìí, ọjọ́ wo ni ó forúkọ sílẹ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí káńsù bá bèèrè TCC.

CAC náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìjábọ̀ ọdọọdún. Ẹ lọ sí ojú-ewé tí CAC fi ń jẹ́ kí aráyé wá orúkọ ilé-iṣẹ́, ẹ tẹ orúkọ tiyín síbẹ̀. Bó bá sọ pé INACTIVE, ìjábọ̀ ló kù. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù náà máa ń tẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò sì ní gba fáìlì yín bí wọ́n bá rí i. Ìyẹn ò wọ́n ní tiwa, ọ̀sán kan ló gbà.

Nígbà tí wàhálà yẹn ń lọ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan pe àbúrò mi sẹ́yìn ilé ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, ó ní òun lè bá a ṣe TCC kó tó di ìrọ̀lẹ́, ká má wulẹ̀ san ìtanràn kankan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kìlọ̀ fún àbúrò yín gidigidi. Nọ́ńbà wà lórí TCC, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹni tó fi ayédèrú sílẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ káńsù, kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a du iṣẹ́, nítorí àwọn yẹn ló máa ń tú àṣírí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó bá ti bàjẹ́ báyìí, orúkọ yín tó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí ti bá a lọ. Àbúrò mi kọ̀ fún un. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ohun tó gbà wá ni oníṣirò owó tó ní ìwé ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà. Ó kó ìṣirò ọdún kọ̀ọ̀kan jọ, èyí tí kò sí òwò kankan nínú rẹ̀ náà ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fi ránṣẹ́, ó kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ lórí ìtanràn. Wọn ò yọ̀ǹda tiwa. Ṣùgbọ́n ní ìparí 2023, FIRS yọ̀ǹda ìtanràn àti èlé fún àwọn tó bá san ojú owó gbèsè wọn tán kí ọdún tó parí, irú rẹ̀ lè tún wáyé, kí oníṣirò owó yín máa fetí sílẹ̀.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀dùn ọkàn mi pọ̀. Ẹnìkan wà ní káńsù wa tó ní àfi kí èmi tí mo wà ní Canada fojú ara mi hàn níwájú òun nítorí pé orúkọ mi wà nínú ìwé. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì ó ní lẹ́tà lásán ti tó. Nígbà tí lẹ́tà dé, ó ní ìfọwọ́síwèé mi kò jọ ti CAC. Ẹlòmíràn lọ sí ìsinmi, ó ti dúrọ́ọ̀ tí fáìlì wa wà nínú rẹ̀ pa, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Wọ́n á ní ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ọ̀gá wà níta. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́nà ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń fi ìyà yìí jẹ, nígbà tí àwọn tó ń lo irin tín-ín-rín ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Ohun tó pa ẹnu ẹni àkọ́kọ́ yẹn mọ́ ni ìpinnu ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́, tí a kọ sórí ìwé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí gbogbo olùdarí fọwọ́ sí, tó sọ pé àbúrò mi ni kó máa fọwọ́ sí ìwé gbogbo níwájú ìjọba, pẹ̀lú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, wa. Ẹ fi ìfọwọ́síwèé tó wà ní CAC gẹ́lẹ́ sí i, ẹ má lo èyí tẹ́ ẹ ń fi gba owó ní báńkì òyìnbó. Ìyá kan sì wà ní yàrá fáìlì tó ràn wá lọ́wọ́ láì gba kọ́bọ̀, òun ló sọ fún àbúrò mi pé kó ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé, kí ó gba òǹtẹ̀ "a ti gbà á" sórí ẹ̀dà tirẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ló gbà wá nígbà tí wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì.

Bí ojú àbúrò yín bá ń wo iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìwé PENCOM (owó ìfẹ̀yìntì), ITF (owó ìkọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́) àti NSITF (owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa) á tún wọ̀ ọ́, àti ìforúkọsílẹ̀ ní BPP, àjọ tó ń mójú tó bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ jáde. Ti PENCOM àti ITF máa ń kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní ni kí ẹ máa lọ gbà wọ́n, kì í ṣe oṣù Kẹwàá. Káńsù tiwa ò bèèrè wọn.

Bàbá kan máa wà nínú ẹbí tó máa ní òun mọ alága. Ẹ bu ọlá fún bàbá náà, ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá, kò sì gbọdọ̀ wọ àpò báńkì ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn. Àpò káńsù ni, pẹ̀lú rísíìtì akápò. Alága máa lọ lọ́jọ́ kan, rísíìtì ló máa kù lọ́wọ́ yín.

Orúkọ àbúrò mi ti wà nínú ìwé káńsù báyìí, wọ́n sì ti fún un ní gọ́tà kan ṣe. Ó ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ti bi àbúrò yín nípa ọjọ́ CAC àti ìwé ìṣirò tó ti fi ránṣẹ́, ẹ padà wá sọ fún wa níbí. Bí ìtanràn bá ti wà lórí rẹ̀, mo máa bi oníṣirò owó wa bóyá ó lè gba iṣẹ́ náà, mo sì máa fi bí a ṣe kọ ìpinnu ìgbìmọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ wò ó kọ tiyín.