Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi àrùn iṣan ọkàn tí wọ́n ń jogún hàn?

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní iṣan ọkàn tó nípọn jù ló pa bàbá yín, àti pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ṣe l'Óṣogbo kò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí nìkan kò tó láti sọ pé ẹ kò ní àrùn náà.

Ohun méjì ni wọ́n sábà ń wò nínú ẹ̀jẹ̀. NT-proBNP, èròjà kan tí ọkàn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, máa ń lọ sókè tí ọkàn bá ń ṣe wàhálà jù. Troponin, èròjà kan tó wà nínú iṣan ọkàn, a máa jò sínú ẹ̀jẹ̀ tí iṣan ọkàn bá ń fara pa. Ṣùgbọ́n àìsàn kíndìnrín àti ọjọ́ orí náà lè gbé NT-proBNP sókè, ara sísanra sì lè fà á wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti rí àrùn náà lára rẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí wúlò fún jù, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ó ń le sí i.

ECG (àyẹ̀wò tó ń ka iná mànàmáná inú ọkàn) àti echo (àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà) ni kí ẹ lọ ṣe. Echo kì í dunni: wọ́n á fi nǹkan tútù yọ̀ọ̀ pa yín láyà, ẹ ó sì máa wo ọkàn yín bó ṣe ń lù. Kí gbogbo ọmọ bàbá yín ṣe é, ìyá yòówù kó bí wọn, torí lọ́pọ̀ ìgbà ìdajì ni ewu pé ọmọ kọ̀ọ̀kan á jogún rẹ̀. Bó bá dára lónìí, àgbà á tún un ṣe lẹ́yìn ọdún 3 sí 5, ọmọ tó ń bàlágà lẹ́yìn ọdún 1 sí 2. Ẹni tó bá dákú níbi tó ti ń sáré kò gbọdọ̀ dúró dìgbà náà.